Bùbá Tí Mo Rán fún Ará Ìyìn

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Òkè-Ìlá létí mi, òórùn èédú inú àyọ́nù àti epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń gbọ́. Yàrá iwájú ilé kan níbẹ̀ ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán n'Ìbàdàn tí mo padà sí Adó, ọdún mélòó kan kí a tó gba òmìnira. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà mọ̀ mí nígbà yẹn, o mọ̀ pé ìgbéraga mi ò kéré. Ọmọ ogún ọdún, mo ti rí Ìbàdàn, ta ló tún kù tó lè kọ́ mi ní nǹkan?

Ìyá mi ta mẹ́ta nínú àwọn aṣọ òkè rẹ̀ kí ẹ̀rọ yẹn tó dọ́wọ́ mi. Bàbá mi ò fẹ́ ẹ rárá. Ó ní bí èrò ò bá tíì wọ ṣọ́ọ̀bù náà títí di Kérésìmesì, kí n ta ẹ̀rọ, kí n gba oko lọ. Bàbá mi kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Èrò kọ́kọ́ wá o, wọ́n wá wo ọmọ tó ti Ìbàdàn dé. Mo rán bùbá tó bá ara ẹni mu rẹ́gí fún wọn. Mo sì ń gé etí aṣọ inú títí á fi kù díẹ̀ kó kan ojú ìrán, torí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní aṣọ tí inú rẹ̀ bá rí wúruwùru, ọ̀lẹ ló rán an. Àjákù tó bá kù, mo fi ń nu epo ara ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá wá gba aṣọ, wọ́n á wò ó lọ, wò ó bọ̀, wọ́n á ní, "Ó dáa, ọmọ mi. O káre." Wọ́n á lọ, ó di gbére. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, èmi àti ẹ̀rọ nìkan là ń wo ara wa. Inú bí mi. Mo ní ará oko ni wọ́n, wọn ò mọ aṣọ. Ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò lè purọ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo bá ọ̀kan nínú wọn l'Ọjà Ọba, obìnrin ará Ìyìn kan tó ń ta gààrí. Bùbá ìkórè ni mo rán fún un. Mo bi í pé báwo ni ìkórè. Ó ní ó dùn. Mo ní aṣọ náà ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gààrí tí ẹnikẹ́ni ò rà.

"Ó dáa, àbúrò mi."

"Ṣé ẹ wọ̀ ọ́?"

Ó da gààrí náà padà sínú agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ burúkú ti dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n mo rántí bàbá mi, mo bá kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó ṣe é fún mi."

Ó ní, "Dìde, dìde! O ò bi mí lẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́. Èmi àti ìyáálé mi la jọ ra aṣọ yẹn, ẹni tí òde bá kàn ló máa wọ̀ ọ́. Ìyáálé mi sanra, èmi náà sì ti lóyún. A fẹ́ tú u kí a fẹ̀ ẹ́, a ò bá nǹkan kan nínú rẹ̀. O ti gé e dànù."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Háà! Ọmọ ọlọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí n wá fi ẹnu mi bà á lọ́jà jẹ́?"

Ojú tì mí gan-an. Nílé tiwa náà, ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ jọ ń wọ aṣọ kan náà, ojú mi ló sì ṣe. Ṣé Ìbàdàn ló fọ́ mi lójú ni? Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi bùbá náà ránṣẹ́ sí mi. Mo wá àjákù aṣọ rẹ̀ rí nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, epo ti sọ wọ́n di dúdú. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bùbá náà láti abẹ́ apá dé ìsàlẹ̀. Èyí tí epo rẹ̀ kọ̀ tí ò lọ, abíyá ni mo fi pa mọ́ sí.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìyìn. Mo kí wọn ní ohùn ilé wa pé, "Ẹ kú ulé o," mo nawọ́ aṣọ sí ìyáálé. Ó kó o sọ́rùn, ó gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ gbẹ́rù. Aṣọ ò dún, kò ya. Ó bọ́ ọ fún aláboyún, ó sì bo ikùn náà délẹ̀. Ìyáálé wò mí, ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yìí mà gbọ́ràn o!"

Àwọn méjèèjì ló kó àwọn obìnrin Ìyìn wá bá mi. Kí n tó wọn ẹnikẹ́ni, mo máa ń bi í pé ta ló tún máa wọ̀ ọ́, mo sì máa ń dá àjákù padà fún un. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí Kérésìmesì pé, bàbá mi dé ẹnu ọ̀nà, èrò ò jẹ́ kó ráàyè ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì yí padà. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́ títí ó fi kú.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu dòní ni pé inúure ni gbogbo wọn fi ń sọ pé ó dáa. Wọ́n fẹ́ràn mi, díẹ̀ ló sì kù kí ìfẹ́ yẹn gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Látìgbà náà, bí oníbàárà bá ti sọ pé ó dáa, mi kì í dúpẹ́. Mo máa ń fún un ní àga, màá ní kó jókòó, kó wá sọ èyí tí kò dáa fún mi.