Àwo Orin Tó Ní Àpá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ń fi fóònù rẹ̀ gbọ́ orin àtijọ́ kan láti Kóńgò. Ni mo bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀, mo ń jó, mo sì fò sókè níbi tí orin náà kò ti fò. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ ṣi ẹsẹ̀ gbé." N kò ṣi ẹsẹ̀ gbé o. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi Kọ́jọ́ ló dá ẹgbẹ́ eléré wa sílẹ̀ ní Akparé, ìlú wa ní Tógò, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwa márùn-ún ni. Òun ló ń ta gìtá, èmi ni mò ń gbe orin. A kò ní orin tiwa. Orin olórin la ń kọ, kò sì sí èyí tí a kì í kọ. Bí àwọn Kátólíìkì bá ń ṣe ìgbéyàwó, a ó kọ orin Látìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ti jáde, háíláífù Gánà ló kù, àti orin Faransé tí wọ́n fi ń di ara wọn mú jó. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Atakpamé lọ sí Lomé, kí a tó wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé Aného létí òkun, nílé àbúrò bàbá wa. Ẹni tó bá pè wá níbẹ̀ la ń ṣeré fún: ilé ọtí, ìsìnkú, apẹja tó ra ọkọ̀ tuntun. Ẹja yíyan ni wọ́n fi ń ṣe wá lálejò, aṣọ wa a sì máa rùn fún èéfín títí a ó fi délé.

Bàbá wa kò fẹ́. Àgbẹ̀ òwú ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Kọ́jọ́, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò tíì ríbi tí wọ́n gbà yín sí, fi gìtá yẹn kọ́ ògiri, kí o wá gbé ọkọ́." Ibì kan ṣoṣo létí òkun ló ń gba eléré fún ọdún gbáko: ilé ọtí Mama Ayélé. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ló ní ká wá ṣeré kí òun gbọ́.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí a fi kan orin Kóńgò yẹn. Àwo kan ṣoṣo tó wà nílé wa la ti kọ́ ọ, àpá sì wà lára àwo náà. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ giramafóònù bá dé ibẹ̀, yóò fò, yóò sì gbójú fo odidi gbólóhùn kan. Àwa rò pé bí olórin ṣe kọ ọ́ nìyẹn, gbogbo Akparé ló sì ń fò níbẹ̀ bí wọ́n bá ń jó. Ṣùgbọ́n àwo tí kò lápàá ni àwọn ará Aného ní. Bí a ti fò báyìí, tọkọtaya kọ lu tọkọtaya, ọkùnrin kan jókòó sórí tábìlì ọlọ́tí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mama Ayélé rọra ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ kọ́ ọ tán ná."

A pa dà sílé. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Kọ́jọ́ fi gìtá kọ́ ògiri, ó gbé ọkọ́. Bàbá wo ògiri náà, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sì ròyìn. Mo ti ń retí ẹ̀rín rẹ̀, àfi bó ṣe jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Èmi ni mo dá àpá sára àwo yẹn. Ẹ wà nílé ìwé. Mo ní kí n mọ ohun tó ń dùn mọ́ yín nínú rẹ̀. Mo gbé e sí i, mo jó, ẹsẹ̀ mi kọ lu ẹ̀rọ." Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ Kọ́jọ́. "Pa dà lọ. Sọ fún obìnrin náà pé àgbẹ̀ kan ló ba orin jẹ́, kì í ṣe ìwọ."

Mama Ayélé yá wa ní àwo tirẹ̀, a kọ́ ọ tán, ó sì gbà wá. Àwọn ará Akparé ló bínú: wọ́n ní a ti ba orin àwọn jẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin kò ná ọ̀nà yẹn mọ́. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Aného. Orin tí à ń wọ ọkọ̀ lọ kọ fún àwọn èèyàn ti wà lápò ọmọdé báyìí. Bàbá wa náà ti lọ. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé gbogbo ìlú la pè síjó, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kan nínú wa tó na ọwọ́ sí i rí pé, "Bàbá, ẹ wá jó."