Wọ́n Ń Dúró Dè Mí ní Ìlọrin, Èmi Wà ní Bìní

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí ìyàwó mi, Rámátù, kú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti sọ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ló gbé mi lọ sí Bìní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni Jímọ̀, àbúrò rẹ̀, pè mí láti Ìlọrin. Ó ní kí n mú ọkàn le.

Ẹ kúkú mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Àáfáà tó wà lọ́dọ̀ wọn gba fóònù, ó ní lẹ́yìn ìrun Àyìlá ọ̀sán làwọn fẹ́ kírun sí i lára. Ṣé màá bá a?

Kí ni mo ṣe? Mo tẹ orúkọ pápákọ̀ òfurufú méjèèjì sórí fóònù mi. Ó kọ bí Bìní ṣe jìnnà sí Ìlọrin, ó ní ọkọ̀ òfurufú kò ní lò tó wákàtí kan. Ọkàn mi balẹ̀! Mo ní kí wọ́n dúró dè mí. Mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó.

Ní pápákọ̀, ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní kò sí ọkọ̀ tó ń lọ Ìlọrin láti ibẹ̀. Mo na fóònù sí i.

"Daddy, ṣé fóònù yẹn ló máa gbé yín fò ni?"

Kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó ní kí n gba Èkó lọ, bóyá màá rí òmíràn lọ́la. Ọ̀la kẹ̀!

Mo háyà mọ́tò. Jímọ̀ ń pè ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wọ bàálù?" Nígbà tí mo sọ òótọ́, ó lọ sọ fún àwọn ará ilé. Wọ́n sún ìsìnkú sí ìrun Alásárì ìrọ̀lẹ́ nítorí mi. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n Rámátù lẹ́yìn rẹ̀: "Ọkọ rẹ̀ ni! Ẹ ṣáà dúró!" Bàbá kan dá a lóhùn pé ẹ̀tọ́ òkú ni kí wọ́n tètè sin ín.

Nígbà tí a dé Ọ̀wọ̀, Alásárì ti kù díẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò lè bá a. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró. Ohun tó le níbẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà páàkì, mo pe Jímọ̀ pé kó gbé fóònù fún Àáfáà.

"Àáfáà, ẹ máa gbé e lọ."

Ó bi mí bóyá mo ti yọ̀ǹda fún ìyàwó mi, bóyá mo ti forí jì í pátápátá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló ṣẹ̀ mí?

Jímọ̀ wá rọra béèrè bóyá kí òun ya fọ́tò ojú rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi.

Mo ní rárá. Kí wọ́n bò ó.

Dẹ́rẹ́bà bu omi fún mi, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun lẹ́bàá títì. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ilé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọkọ̀ ń lọ, kí ẹ tó béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ má fi ohun tí ẹ kà lórí fóònù ṣèlérí fún ilé tí òkú wà.

Ta ló ti ṣẹlẹ̀ sí rí nínú yín, pé wọ́n sin èèyàn rẹ̀ kó tó dé? Ṣé ẹ gba fọ́tò náà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi. Mo ṣì ń rò ó.