Mo Dùbúlẹ̀ Sórí Ẹní, Mo Bá Ara Mi Lóko Ìyá Mi

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo fi wọ ọ̀kadà, ẹgbẹ̀ta ló kù lọ́wọ́ mi, kí n kàn lè lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní Ìlaròó!

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwa aláboyún ní yógà ní kí a dijú, kí a mí kanlẹ̀, kí ọkàn wa lọ síbi tí ẹ̀rù kì í ti í bà wá.

Látìgbà tí mo ti bí Ayọ̀, àkọ́bí mi, tìrora-tìrora, ẹ̀rù ìrọbí kì í jẹ́ kí n sùn. Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin yìí rọ̀ bí òwú. Mo bá ara mi lóko ẹ̀gẹ́ ìyá mi l'Ẹ̀gùá. Ìrì tutù lẹ́sẹ̀ mi. Ọmọ inú mi ń rọra yí.

"Màmá Ayọ̀, ẹ lajú, a ti parí."

"Ẹ máa lọ, mo ṣì ń bọ̀."

"Ẹgbẹ̀rún méjì owó ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

Mo tún dijú.

Ẹ̀yin ìyá, ibo lọkàn yín máa ń sá lọ bí ìrọbí bá dé? Mi ò tíì san ẹgbẹ̀rún méjì náà o.