Òdòdó Tí Mo So Mọ́ Òpó Gbígbẹ

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọdún bíi mẹ́ta kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Mo ṣì kéré nígbà náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n mo ti jáde ìwé mẹ́fà, n kò sì mọ ibi tí ayé máa gbé mi sí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ lónìí, ẹ mọ irú ẹ̀rù tí mò ń wí. Ó ń jókòó sí àyà ènìyàn bí oúnjẹ tí kò dà. Lójú mi, ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ kàn ni yóò bàjẹ́.

Èmi àti Bàbá mi lọ gé àfòmọ́ ní oko kòkó wa lẹ́yìn ìlú Ìkẹ́rẹ́. Ẹ lè má mọ àfòmọ́: ewé tí ń hù lára ẹ̀ka igi ni, ó sì ń mu omi ara igi náà títí igi á fi gbẹ. Nítorí náà, ní ilé wa, ohunkóhun tó bá ti hù lórí igi, àfòmọ́ ni, àdá ló sì tọ́ sí i.

Orí igi obì ńlá tó wà láàárín oko ni mo ti rí i. Ó dà bí ìrèké kéékèèké tí a dì pọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó dúró ṣóṣóró sókè bí abẹ́rẹ́. Òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ní àmì dúdú tótòtó bí awọ àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ọ́kíìdì. Àwa kò ní orúkọ fún un. Bàbá mi ti gé ìdì kan lulẹ̀ kí n tó pariwo.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ìyókù! Kò pa igi.”

“Ta ló sọ fún ọ? Ìwé mẹ́fà?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, akọ̀wé. Mú èyí tó jábọ́ yẹn, kí o lọ so ó mọ́ igi tó ti kú. Bó bá yè di ìgbà ìkórè kòkó, á jẹ́ pé kì í mu omi ara igi, n kò sì ní fọwọ́ kan àwọn tó kù. Bó bá kú, ìwọ fúnra rẹ lo máa gun igi lọ gé wọn.”

Igi òkú kẹ̀? Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kó lágbára nínú ilẹ̀. Mo kọ ebè, mo da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, mo rì í mọ́lẹ̀, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti rà.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. “Akọ̀wé, uṣu lo gbìn ni? Ohun tó ń gbé òkè, ìwọ lọ rì í mọ́lẹ̀! Kó òórùn yìí kúrò ní ulé mi o!”

Mo sunkún, kì í sì í ṣe nítorí òdòdó nìkan. Mo rò ó pé bí n kò bá lè tọ́jú ewé, kí ni mo máa lè tọ́jú láyé? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sunkún tán, mo hú u jáde. Ó ku ọ̀pá kan ṣoṣo tí ìdí rẹ̀ ṣì le. Mo pinnu pé eléyìí kò ní kú.

Mo gun igi obì náà lọ wo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i, atẹ́gùn á tètè fẹ́ ẹ gbẹ. Ewé gbígbẹ tó ń jábọ́ sáàárín gbòǹgbò rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Mo délé, mo gé ibi tó rà kúrò, mo fi eérú pa ojú ibẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ẹ̀bù iṣu, mo fi í sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá fi àkísà so ó mọ́ òpó gbígbẹ kan lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé. Àárọ̀ nìkan ni mo ń wọ́n omi sí i; bí gbòǹgbò bá ṣì tutù, n kì í wọ́n ọn rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ mí ní Ìyá Igi Òkú. Bó bá ti ń kọjá, á kúnlẹ̀: “Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Igi Òkú. Ṣé ọmọ yín ti jí?”

Oṣù mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Mo ń wọ́n omi. Ní oṣù kẹrin, gbòǹgbò kan yọ, funfun bí eyín ọmọdé, ó lẹ̀ mọ́ òpó náà. Nígbà tí ìkórè kòkó máa fi dé, ó ti yọ ọ̀pá tuntun méjì. Bàbá mi wá síbẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ fá òpó náà wò bóyá omi kankan wà nínú rẹ̀. Ó gbẹ táútáú. “Ó dáa,” ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kò gé ìyókù, láti ìgbà náà ló sì ti máa ń yẹ gbòǹgbò wò bóyá ó wọnú igi kó tó gbé àdá sókè.

Ayé ti yí padà. Ilé ti gba oko náà, kòkó ti tán níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti ta igi obì náà fún àwọn tó ń la pákó. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi máa dé, ìdì òdòdó mẹ́rin sì ṣì wà lórí rẹ̀. Èmi kò lè gun igi mọ́, ṣùgbọ́n àwọn òdòdó náà kò ní bá igi lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin òǹkàwé mi: nínú ọyẹ́ tó le báyìí, ṣé kí n ní kí wọ́n gé ẹ̀ka tí òdòdó wà lórí rẹ̀ lódindi, kí n gbé e kọ́ sábẹ́ máńgòrò mi, àbí kí n tú wọn, kí n so wọ́n mọ́ igi mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan?