Ẹni Tó Dá Ọkọ̀ Òfurufú Náà Mọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Adérólú, ju rọ́ọ̀lù fíìmù méjì sórí tábìlì mi. Ó ní kí n sọ irú ọkọ̀ òfurufú tó wà nínú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá káàdì tó ṣófo.

Ilé tí ìjọba ń kó fíìmù àtijọ́ pamọ́ sí ni mo ti ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń wo fíìmù kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí káàdì: ìlú, aṣọ, ọkọ̀, ohun ìjà. Nísàlẹ̀ káàdì, ìlà kan wà fún orúkọ ẹni tó dá nǹkan náà mọ̀. Èmi tí mo gboyè ní yunifásítì, orúkọ mi ló máa ń wà níbẹ̀.

Fíìmù amí ni, ti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Amí kan wọ ọkọ̀ òfurufú, ó sì bẹ́ jáde lójú sánmà. Mo rí àmì àwọn Jámánì gàdàgbà lára ọkọ̀ náà, mo ní ọkọ̀ Jámánì ni. Bàbá Làmídì, tó ń bá wa yí ẹ̀rọ sinimá, bú sẹ́rìn-ín.

"Màdáámù, ẹ má wo ọ̀dà jàre. Ẹni tó ń ṣeré lè kun ewúrẹ́ kó dàbí ẹkùn. Dàkótà ni. Nígbà ogun, mo kó ẹrù sínú rẹ̀ ní Kánò títí èjìká mi fi bó."

"Bàbá, ṣé yunifásítì Kánò lẹ ti kọ́ ìyẹn?"

"Yunifásítì èjìká ni," ó ní. "Ẹ ka ẹ́ńjìnnì rẹ̀: méjì. Ẹ wo ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì yẹn lápá òsì, lẹ́bàá ìrù. Tó bá wà nílẹ̀, imú rẹ̀ a máa wòkè. Tẹ́ ẹ bá gbé àpò wọlé, bí ẹni ń gun òkè ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ wo ìwé. Ọkọ̀ Jámánì tí mo rò pé ó jẹ́, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ní, ọ̀kan wà ní imú. Ọ̀rọ̀ Bàbá kò yẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá sọ fún mi pé ẹ̀rọ fídíò ń bọ̀, Làmídì á lọ lópin oṣù. "Tó bá mọ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí yíyí fíìmù ni, ǹ bá fi í sílẹ̀ níbí."

Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ "Dàkótà" sí i, mo sì kọ orúkọ ara mi sí ìlà ìsàlẹ̀.

"Màdáámù, ṣé ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

"Mo kọ ọ́, Bàbá."

Mo na káàdì sí i. Kéú nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Ó rọra fi ìka tọ orúkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní, "Alihamudulilai." Nígbà tí oṣù parí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀ ní Dópẹ̀mú.

Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Adérólú tẹ gbogbo káàdì mi jáde ní ìwé, ó fi orúkọ tirẹ̀ síwájú, kò dárúkọ mi rárá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń ròyìn rẹ̀ káàkiri, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgàndó. Olè ni, mi ò yí i padà. Àmọ́ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo kọ́kọ́ jalè.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Ìkọ̀tún. Bó ṣe gbọ́ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Màdáámù oníkáàdì! Ọmọ Làmídì ni mí, èmi Rísíkátù. Títí Bàbá fi kú, kò sí àlejò tí wọn ò sọ fún pé orúkọ àwọn wà nínú ìwé ìjọba, pé obìnrin kan tó kàwé ló kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó gbé àga tirẹ̀ fún mi, ó sì fi aṣọ mi ṣíwájú ti gbogbo àwọn tó ń dúró. Mo ní, "Ẹ ṣé o." Aṣọ náà ṣì wà nínú àpótí, mi ò tíì lè wọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ òfurufú inú fíìmù náà, Dàkótà ni. Làmídì Àkànbí ló dá a mọ̀. Màá mú ìwé tí mo kọ yìí lọ sí Ìkọ̀tún. Rísíkátù mọ̀wé kà. Òun kò ní fi ìka tọ ọ́ lásán kó sì gbà á gbọ́.