Òwú Tí A Óò Fà Yọ

Ọgbọ̀n ọdún ni Àwẹ̀ró ti ń ránṣọ ní Bulabulin ní Maiduguri, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Mama Tela, kí òkúta tó dí i ní kíndìnrín. Ẹni tó bá ní kò dùn ún, irọ́ ló pa. Dókítà Láńrewájú, ọmọ Ìwó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fọ́ òkúta náà, ó sì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò kan bọ ojú ọ̀nà láti kíndìnrín dé àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè máa ríbi gbà.

"Ìyá, ìtọ̀ á máa gbọ̀n yín ṣáá, ẹ sì lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa mumi dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni o. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òkúta mìíràn á hù lé e lórí."

"Ó yé mi. Bí òwú tí mo fi ń di aṣọ mú kí n tó rán an ni. Bí mo bá rán an tán, mo gbọ́dọ̀ fà á yọ."

Lọ́sẹ̀ kejì, bọ́ǹbù dún nítòsí ọjà. Lará ọmọ rẹ̀ fi tipátipá mú un lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ìyá di ẹrù rẹ̀ láti padà sí Maiduguri. Lará figbe bọnu: "Ṣé kò sí dókítà n'Ìbàdàn ni?"

"Ẹni tó dì í ni yóò tú u."

Ṣọ́jà pọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dé. Kò pẹ́ rárá tí Láńrewájú fi fa rọ́bà náà yọ.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ̀ ń padà s'Ìbàdàn?"

Àwẹ̀ró ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú báàgì.

"Ìbàdàn? Ọmọ mi, òwú tí wọ́n fi dì mí mú ni Ìbàdàn. Ìwọ náà lo fà á yọ yẹn."