Ẹyin Adìẹ Ìyá Mi Tutù Sí Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Kotto, àdúgbò wa níbí, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Douala níbí. Nígbà tí mo lọ kí ìyá mi ní Ọ̀fà kẹ́yìn, wọ́n fún mi ní àkùkọ kan àti àgbébọ̀ kan, àwọn abọlọ́rùn, adìẹ tí ìyẹ́ kì í hù sí lọ́rùn. Wọ́n ní kí n máa fi rántí àwọn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn! Kò pẹ́ sí i, ìyá mi kú. Lọ́jọ́ àdúà fídáù, àwọn ẹbí pa gbogbo adìẹ tí ìyá mi fi sílẹ̀ jẹ.

Àkùkọ tèmi ṣàìsàn kú. Àgbébọ̀ dìde lórí ẹyin kó lọ jẹun, ni bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà tiwa níbí, bá gbá a pa. Ó wá ku ẹyin nìkan. Ṣé kí n wá dín in fún ọmọ jẹ ni?

Mo kan àpótí, mo fi kọ́ìlì tó ń gbóná sínú rẹ̀. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án: iná jẹ́ 220 fólítì, èyí tó ń gba inú kọ́ìlì kọjá jẹ́ ìdajì áḿpù. Tí ẹ bá fi ìdajì pín 220, ẹ máa rí 440 óòmù: agídí tí kọ́ìlì ń ṣe sí iná nìyẹn. Tí ẹ bá fi ìdajì yẹn sọ 220 dipúpọ̀, 110 wáàtì ni: ooru tó ń mú wá nìyẹn. Mo lu ihò sára àpótí kó má gbóná jù. Ó ṣe wẹ́kú!

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àdúgbò wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé bá tan nǹkan wọn, iná á já sí 110. Mo mọ̀ o! Mo ní tí iná bá di ìdajì, ooru náà á di ìdajì, kí ìyàwó mi sáà ti dí ihò yẹn.

Mo bá lọ sí Edéa, níbi tí iṣẹ́ gbé mi sùn. Ìyá Jẹmílà, ìyàwó mi, Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Ó pè mí: "Bàbá Jẹmílà, c'est froid o! Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù." Mo ní kó jẹ́ n gbádùn, mo ti ṣírò ó. Ó tún pè, ó ní ṣé kí òun fi ìgò omi gbígbóná tì í. Mo jágbe mọ́ ọn. Ta ló mọ iná nínú àwa méjèèjì?

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹyin náà pa, mo ti padà délé, mo gbétí sí àpótí. Kẹ́kẹ́ pa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbé mítà: 110 fólítì, ìdámẹ́rin áḿpù. Háà! Agídí kọ́ìlì ò yí padà, nítorí náà nígbà tí fólítì di ìdajì, áḿpù náà di ìdajì. Ooru wá di ìdámẹ́rin, wáàtì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ péré!

Mo fọ́ ẹyin kan. Ọmọ adìẹ ti pé sínú rẹ̀, ìyẹ́ wà lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò. Mo sunkún bí ọmọdé. Ìyàwó mi tú gèlè orí rẹ̀, ó fi kó àwọn ẹyin náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ìròyìn ò tó àfojúbà. Àkókò tí ẹ máa lo iná ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sì gbọ́ ti ẹni tó wà nídìí nǹkan.

Kí ló ti bàjẹ́ mọ́ ẹ̀yin náà lọ́wọ́ rí tí ò ṣeé rọ́pò? Ẹ sọ fún mi. Bí ẹnikẹ́ni ní Ọ̀fà bá sì ti gba ẹyin lọ́wọ́ ìyá mi rí láti fi sin adìẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọrùn wọn fún mi.